Gáráàjì Tí A Fi Ṣe Yàrá Ẹrù: Bí A Ṣe Lè Gba Ọjà Wa Lọ́wọ́ Ooru, Ọ̀rinrin àti Eruku

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá ara wa sọ lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó tíkẹ́ẹ̀tì, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ìpàdé. Ọ̀rọ̀ ẹrù wa ni, èyí tí a kó pamọ́ sílé nítorí pé ìsọ̀ wa lọ́jà kò gbà á tán.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ti sọ gáráàjì ilé di yàrá ẹrù. Kí ẹnikẹ́ni má ṣì wá gbọ́ o. Kì í ṣe gáráàjì tí àwọn dẹ́rẹ́bà ti ń pe èrò là ń wí. Ilé ọkọ̀ tó wà nínú ọgbà ilé wa là ń sọ, ibi tí baálé ilé ń gbé mọ́tò sí, tàbí tí kò gbé nǹkan kan sí mọ́. Níbẹ̀ ni a ń kó àpò ẹ̀wà, àgbàdo, gààrí, èlùbọ́, ẹ̀pà àti ìrẹsì sí. Ẹni tó ń ta aṣọ ń kó àǹkárá sí i, ẹni tó ń ta sìmẹ́ǹtì náà sì ń to tirẹ̀ síbẹ̀. Kò burú. Owó ìsọ̀ ti wọ́n, ẹrù tó wà nítòsí ẹni sì dùn ún ṣọ́.

Ṣùgbọ́n ojú owó wa ló wà nínú àpò wọ̀nyẹn. Òmíràn jẹ́ owó àjọ, òmíràn jẹ́ owó tí a yá. Bí ẹrù bá bàjẹ́ nínú ilé, ẹni tó yá wa lówó kò ní sọ pé òun kò gba owó òun mọ́. Bí a bá sì ta èyí tó bàjẹ́ fún oníbàárà, ara ọmọ ọlọ́mọ la fi ń ṣeré. Nítorí náà ni a ṣe ní kí a jọ yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò dáadáa.

OLÈ MẸ́TA

Ẹni tó kọ́ gáráàjì, ọkọ̀ ló ní lọ́kàn. Ọkọ̀ kì í bu, kòkòrò kì í jẹ ẹ́, bí eruku bá bò ó, omi la ó fi fọ̀ ọ́. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ gáráàjì kò fi ní àjà lábẹ́ páànù, tí fèrèsé rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ, tàbí kó má tilẹ̀ ní rárá. Ilẹ̀kùn irin rẹ̀ kì í kan ilẹ̀. Sìmẹ́ǹtì ilẹ̀ rẹ̀ náà, orí yẹ̀pẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń dà á sí láìtẹ́ ọ̀rá sábẹ́ rẹ̀.

Olè mẹ́ta ló ń gbé irú ilé bẹ́ẹ̀: ooru, ọ̀rinrin àti eruku. Wọn kì í já kọ́kọ́rọ́, ajá kì í gbó wọn. Ọ̀rinrin ni ọ̀gá wọn. Ooru ń ràn án lọ́wọ́, eruku sì ń bá a ru ẹrù. Àwọn àgbà ní bí ogiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Iṣẹ́ wa ni láti wá ibi tí ogiri gáráàjì ti lanu, kí a sì dí i.

OORU

Páànù tí oòrùn ọ̀sán ń pa, ọwọ́ kò ṣe é fi kàn. Ooru yẹn kì í dúró sókè, ó ń sọ̀ kalẹ̀ wá bá ẹrù. Bí fèrèsé kò bá sí, kò rí ibi gbà jáde, gáráàjì á wá dà bí ààrò tí a dé lórí.

Ooru ń jẹ́ kí òróró àti ẹ̀pà tètè yí òórùn padà. Ó ń yọ́ àbẹ́là, ó sì ń ba oògùn jẹ́. Ṣùgbọ́n èyí tó fi ń pa wá lára jù ni ti kòkòrò. Ooru tó wà ní nǹkan bíi dígírì 30 ni kòkòrò ẹ̀wà fẹ́ràn, irú ooru bẹ́ẹ̀ sì ni ti ojoojúmọ́ nílẹ̀ wa. Nínú ooru yìí, láti orí ẹyin títí yóò fi di kòkòrò tó ń fò, kò ju nǹkan bí oṣù kan lọ. Abo kan ṣoṣo lè yé ẹyin tó tó 100. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò: ẹni tó ra ẹ̀wà tí kòkòrò mélòó kan wà nínú rẹ̀, tó ní òun máa tọ́jú rẹ̀ fún oṣù 3 kí ó lè wọ́n, kí ni yóò bá nínú àpò? Ìyẹ̀fun ni. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà.

Ohun tí a lè ṣe sí ooru nìyí:

Èkíní, kí á kan àjà sí i, èyí tí àwọn káfíńtà ń pè ní sílíǹgì. Pákó pẹlẹbẹ tí owó rẹ̀ kò pọ̀ náà tó. Afẹ́fẹ́ tó wà láàárín páànù àti àjà ni yóò gba ooru dúró. Kí wọ́n fi ihò sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òrùlé kí ooru àárín yẹn lè jáde, kí wọ́n sì fi nẹ́ẹ̀tì irin dí ihò náà nítorí eku.

Èkejì, kí a kun páànù ní funfun. Ohun tó bá funfun ń dá oòrùn padà, ohun tó bá dúdú tàbí tó ti dípẹtà ń mu ún. Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ ọ́n: ẹni tó wọ aṣọ dúdú lọ́sàn-án gangan mọ ohun tí ojú òun ń rí.

Ẹ̀kẹta, ògiri tó kọjú sí ìwọ̀ oòrùn ni oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń pa. Kí a má ṣe to ẹrù tì í. Bí àyè bá wà lóde, kí a ta àtíbàbà tàbí kí a gbin igi síbẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, kí a má ṣe to àpò dé abẹ́ páànù. Òkè ni ooru ń lọ, ibẹ̀ ló sì ti gbóná jù. Ẹ jẹ́ kí àyè tó tó gíga ọmọ kékeré kan ṣẹ́kù lókè.

Ọ̀RINRIN

Ẹ fara balẹ̀ síbi tí a dé yìí o, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ dúró lé. Ọ̀rinrin ni omi tó wà nínú afẹ́fẹ́ tí a kò rí. Òun ló ń mú kí iyọ̀ yọ omi, kí ṣúgà dì, kí sìmẹ́ǹtì di òkúta nínú àpò. Òun náà ló ń mú kí èlùbọ́ bu.

Ọ̀nà márùn-ún ló ń gbà wọ gáráàjì.

Ọ̀nà kìíní ni ilẹ̀. Sìmẹ́ǹtì kì í ṣe irin. Ó ń fa omi láti inú ilẹ̀ gẹ́gẹ́ bí òwú àtùpà ti ń fa epo. A lè rí i pé ilẹ̀ gbẹ lójú, kí ó sì jẹ́ pé nísàlẹ̀ àpò, omi ti ń wọlé. Ẹ dán an wò báyìí: ẹ tẹ́ ọ̀rá tó mọ́ gaara sórí ilẹ̀ gáráàjì, kó tó ìwọ̀n atẹ́ kékeré. Ẹ fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ yípo kí afẹ́fẹ́ má wọ abẹ́ rẹ̀. Ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Bí omi bá wà lábẹ́ ọ̀rá náà, láti inú ilẹ̀ ló ti ń bọ̀. Bó bá jẹ́ orí ọ̀rá ni omi wà, láti inú afẹ́fẹ́ ni. Ìdánwò yìí kò ná wa ní nǹkan kan, yóò sì sọ ibi tí a ó na owó wa sí.

Ọ̀nà kejì ni òkè. Ẹ wo ọmọrí ìkòkò nígbà tí a bá ṣí i lórí iná: omi ló máa ń wà nínú rẹ̀. Afẹ́fẹ́ gbígbóná lè gbé omi púpọ̀, ṣùgbọ́n bó bá kan ohun tútù, yóò sọ omi náà sílẹ̀. Bí ife omi yìnyín ṣe ń làágùn lórí tábìlì náà nìyẹn. Lọ́sàn-án, afẹ́fẹ́ gáráàjì gbóná, ó gbé omi dání. Lóru, páànù tutù. Kí ilẹ̀ tó mọ́, omi ti so sábẹ́ páànù, ó sì ń kán tó-tó-tó sórí àpò. Ẹlòmíràn á ní òrùlé òun ló ń jò, á lọ pe káfíńtà, káfíńtà á wá ihò títí kò ní rí i. Kò sí ihò, páànù ló ń làágùn. Àjà tí a sọ lẹ́ẹ̀kan, òun náà ni oògùn èyí.

Ọ̀nà kẹta ni ògiri. Ògiri tí òjò ń nà, tí wọn kò rẹ́ lóde, ń mu omi wọlé.

Ọ̀nà kẹrin ni afẹ́fẹ́ òde fúnra rẹ̀. Ní àsìkò òjò nílẹ̀ Yorùbá, afẹ́fẹ́ máa ń rin gan-an, àgàgà lóru àti láàárọ̀ kùtù. Ẹni tó bá ṣí gáráàjì sílẹ̀ nígbà náà pé kí atẹ́gùn fẹ́ sí ẹrù, omi ló ń pè wọlé.

Ọ̀nà karùn-ún ni ẹrù tí a fọwọ́ ara wa kó wọlé ní tútù. Èyí ló burú jù, nítorí pé kò sí ilé tó lè gba ẹrù tútù là.

Báwo la ṣe ń dí àwọn ọ̀nà yìí? Ẹ má ṣe gbé àpò lé ilẹ̀ láéláé. Ẹ tẹ́ ọ̀rá tó nípọn sílẹ̀, kí ẹ wá gbé pẹpẹ pákó lé e. Kí pẹpẹ náà ga tó búlọ́ọ̀kù oní-ínṣì 6 tí a tẹ́ sílẹ̀, kí atẹ́gùn lè kọjá lábẹ́ rẹ̀, kí a sì lè fi ìgbálẹ̀ gbá ibẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àpò jìnnà sí ògiri tó ìgbọ̀nwọ́ kan. Èyí á jẹ́ kí omi ògiri má kan àpò, á sì jẹ́ kí a lè rìn yí i ká wo ohun tó ń lọ lẹ́yìn.

Ní ti fèrèsé, méjì tó kọjú síra dára ju ẹyọ kan ńlá lọ. Kí ọ̀kan wà nísàlẹ̀ níbi tí atẹ́gùn ti ń wọlé, kí èkejì wà lókè ní òdìkejì níbi tí ooru ti máa jáde. Kí nẹ́ẹ̀tì irin wà lójú méjèèjì.

Ìgbà tí a ń ṣí i àti ìgbà tí a ń tì í ni ọgbọ́n wà. Òfin rẹ̀ rọrùn: ìgbà tí afẹ́fẹ́ òde bá gbẹ ju ti inú lọ ni ká ṣí i. Ní àsìkò òjò, ẹ dúró kí oòrùn ràn kí ìrì àti omi ilẹ̀ gbẹ. Láti nǹkan bí aago 11 òwúrọ̀ sí aago 4 ìrọ̀lẹ́ ló dára. Bí òjò bá ṣú, ẹ tì í. Bí ilẹ̀ bá ń ṣú, ẹ tì í. Bí aṣọ tí ẹ sá sóde kò bá lè gbẹ lọ́jọ́ náà, ẹ má ṣe ṣí gáráàjì rárá. Okùn aṣọ ni òṣùwọ̀n wa.

Fún ẹni tó lágbára rẹ̀, ẹ̀rọ kékeré kan wà lọ́jà tó ń ka ooru àti ọ̀rinrin papọ̀. Kò tóbi ju aago orí tábìlì lọ. Bí ọ̀rinrin tó kà bá ti ń ju 70 nínú 100 lọ fún ọjọ́ púpọ̀, ẹ mọ̀ pé ọkà yóò bu.

ṢÉ ẸRÙ YÌÍ GBẸ TÓ?

Àwọn onímọ̀ sọ pé bí a bá fẹ́ tọ́jú àgbàdo pẹ́, omi tó wà nínú 100 kílò rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju 13 kílò lọ. Ti ẹ̀pà tí a ti pa kò gbọdọ̀ ju kílò 7 tàbí 8 lọ, nítorí pé ẹ̀pà ní òróró. A kò ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, ṣùgbọ́n a ní iyọ̀.

Ẹ mú ìgò tó mọ́ tó sì gbẹ. Ẹ bu ọkà sí i kó tó ìdá kan nínú mẹ́ta. Ẹ bu iyọ̀ tó gbẹ díẹ̀ sí i, iyọ̀ tí a ti sá sóòrùn tó sì ti tutù. Ẹ dé e, ẹ mì í dáadáa fún ìṣẹ́jú mélòó kan, ẹ gbé e kalẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15. Bí iyọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ara ìgò, ọkà náà ṣì tutù, omi inú rẹ̀ ti ju 15 nínú 100 lọ. Ẹ má gbé e wọlé, ẹ dá a padà sóòrùn. Bí iyọ̀ kò bá lẹ̀, ó ti ń gbẹ bọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ tọ́jú rẹ̀ ju oṣù kan lọ, kó tún sá a sí i. Ọkà tó gbẹ tán máa ń dún kàkà lẹ́nu bí a bá gé e jẹ, kì í rọ̀ mọ́ eyín.

Orí ọ̀rá tàbí ẹní ni ká sá a sí, kì í ṣe etí títì níbi tí èéfín ọkọ̀ àti eruku ti ń dà sórí rẹ̀. Bí a bá sì kó o lóòrùn, ẹ jẹ́ kó tutù kí ẹ tó dì í. Ẹrù gbígbóná tí a dì pọ̀, yóò làágùn nínú àpò bí ọmọrí ìkòkò.

OHUN TÓ WÀ NÍDÌÍ BÍBU

Ẹlòmíràn á sọ pé, "Kí ló wà nínú kí àgbàdo bu díẹ̀? A ó ṣà á, a ó sì fọ̀ ọ́." Ẹ gbọ́ ná o. Nínú ohun tó ń hù lára ọkà tó bu, irú kan wà tó ń tu májèlé tí àwọn onímọ̀ ń pè ní aflatoxin. Ojú kò rí i, ahọ́n kò mọ̀ ọ́n, gbígbóná orí iná kò sì lè pa á tán. Ẹ̀dọ̀ ènìyàn ló ń bá jà. Ẹni tó bá ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ fún ọdún púpọ̀ lè ní jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀. Bó bá pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó ń pa ènìyàn kíákíá.

Ní orílẹ̀-èdè Kẹ́ńyà lọ́dún 2004, àwọn ará oko kó àgbàdo tí kò gbẹ sínú ilé wọn. Ènìyàn 317 ni wọ́n kà pé ó ṣàìsàn, 125 nínú wọn sì kú. Àgbàdo tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn gbìn ni o, kì í ṣe pé ọ̀tá kan ló fi májèlé sí i. Ẹni tó bá sì ní òun á kúkú da èyí tó bu fún adìẹ, kó rántí pé lọ́dún 1960, tòlótòló tó lé ní 100,000 ló kú nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nítorí oúnjẹ ẹ̀pà tó ní májèlé yìí. Ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Ohun tó bá ti bu, ẹ gbẹ́lẹ̀ kí ẹ bò ó mọ́lẹ̀. Ó dunni, ṣùgbọ́n ó sàn ju kí a ta ikú ní kóńgò.

ERUKU

Nílẹ̀ wa, eruku ní àsìkò tirẹ̀. Láti nǹkan bí oṣù kọkànlá sí oṣù kejì tàbí oṣù kẹta ni ọyẹ́ máa ń fẹ́ láti apá Òkè Ọya. Púpọ̀ nínú eruku rẹ̀ ń wá láti ilẹ̀ gbígbẹ kan tí wọ́n ń pè ní Bodélé, ní àríwá orílẹ̀-èdè Chad. Ẹ wo bí ó ti jìnnà tó, síbẹ̀ ó ń wá bà lé gààrí wa. Atẹ́gùn òjò ní tirẹ̀, láti ìhà òkun ló ti ń wá. Nítorí náà, bí ọyẹ́ bá dé, fèrèsé tó kọjú sí àríwá àti ìlà oòrùn ni ká tì, kí a sì fi èyí tó wà ní òdìkejì gba atẹ́gùn. A lè ta aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sójú rẹ̀ kó máa sẹ́ eruku. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ gbẹ gan-an, ó sì dára fún ẹrù. A kò fẹ́ lé e, eruku rẹ̀ nìkan ni a kò fẹ́.

Ọ̀nà tí eruku ń gbà jù ni abẹ́ ilẹ̀kùn. Ẹ gé tíúbù ọkọ̀ tó ti gbó, kí káfíńtà kàn án mọ́ ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn kó máa gbá ilẹ̀. Eruku kò ní wọlé, eku náà kò ní wọlé. Ẹ sì mọ ohun tí eku ń ṣe: yàtọ̀ sí pé ó ń lu àpò, ìtọ̀ àti ìgbẹ́ àwọn eku kan ló ń kó ibà Lassa ran ènìyàn.

Bí ilẹ̀ bá là, kí bíríkìlà rẹ́ ẹ. Inú ilẹ̀ lílà ni eruku, ẹyin kòkòrò àti hóró ọkà máa ń sá sí, ibẹ̀ sì ni kòkòrò ti ń jáde wá bá ẹrù tuntun. Bí a bá ń gbálẹ̀, kí a bo imú, kí a gbá a láti inú wá síta, lẹ́yìn náà kí a fi àkísà tí a ti fún dáadáa nu ilẹ̀. Ẹ má ṣe da omi sílẹ̀ pé kí eruku má baà sọ. Ẹni tó ń fi omi lé eruku nínú yàrá ẹrù, olè kan ló ń lé, ọ̀gá olè ló ń pè wọlé.

Àpò àtijọ́ tí a fẹ́ tún lò, ẹ gbọ̀n ọ́n lóde, ẹ yí inú rẹ̀ síta, ẹ sá a sóòrùn líle. Ẹyin kòkòrò máa ń fara pamọ́ sójú rírán.

KÒKÒRÒ LÁÌLO OÒGÙN OLÓRÓ

A bẹ̀ yín ní orúkọ Ọlọ́run, ẹ má ṣe da Sniper tàbí òta-pyà-pyà sórí ẹ̀wà. Lóṣù kẹfà ọdún 2015 ni àwọn ilẹ̀ Yúróòpù ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀wà Nàìjíríà nítorí pé wọ́n bá irú oògùn yìí nínú rẹ̀. Lọ́dún 2019 ni NAFDAC fòfin de títa ìgò kékeré rẹ̀ lọ́jà àti ní ṣọ́ọ̀bù ńlá. Ẹ̀wà tí a fi oògùn yẹn sí, ẹni tó máa jẹ ẹ́ kò mọ̀. Àwọn ọmọ wa náà ń jẹ ẹ̀wà tí ẹlòmíràn tà.

Oòrùn ni oògùn àkọ́kọ́. Ẹ tẹ́ ẹní tàbí koríko gbígbẹ sílẹ̀, ẹ tẹ́ ọ̀rá dúdú lé e, ẹ tẹ́ ẹ̀wà tó ti gbẹ lé e ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kó má nípọn ju ìka méjì tí a fi dùbúlẹ̀ lọ. Ẹ fi ọ̀rá tó mọ́ gaara bò ó, ẹ fi òkúta tẹ etí rẹ̀ yípo. Bí oòrùn bá mú, ooru inú rẹ̀ lè kọjá dígírì 57, wákàtí kan nínú irú ooru yẹn sì tó láti pa kòkòrò, ọmọ rẹ̀ àti ẹyin rẹ̀. Ẹ fi í sílẹ̀ fún wákàtí 2 ó kéré tán lọ́sàn-án gangan. Ẹ jẹ́ kó tutù kí ẹ tó dì í.

Èkejì ni àpò onípele mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní PICS. Ọ̀rá nípọn méjì ló wà nínú àpò lásán. A ó da ẹ̀wà sínú ọ̀rá ti inú, a ó tẹ afẹ́fẹ́ jáde, a ó so ó le dandan. A ó so ọ̀rá kejì lọ́tọ̀, a ó sì so àpò òde lọ́tọ̀. Kòkòrò tó bá wà nínú rẹ̀ á lo afẹ́fẹ́ tó kù tán, á sì kú láìsí oògùn kankan. Ẹ má ṣe máa tú u wò lójoojúmọ́, kí eku má sì lu ú. Àgbàdo àti ẹ̀wà tó gbẹ ni ká fi sí i o. Èyí tó tutù á bu síbẹ̀ ni.

ẸNI TÓ Ń TA AṢỌ

Ẹ̀yin aláṣọ, ti yín náà kò gbẹ́yìn. Ọ̀rinrin ń mú aṣọ rùn, ó ń sọ ọ́ di alámì dúdú. Ẹ má ṣe fi aṣọ ti ògiri. Orí pẹpẹ ni kó wà, nínú ọ̀rá tí a kò so pinpin títí a ó fi mọ̀ pé aṣọ náà gbẹ dénú. Ẹ máa ṣí i sí afẹ́fẹ́ lásìkò ọyẹ́. Ní ti káńfọ̀ funfun roboto tí a ń jù sáàárín aṣọ, ẹ má fi sínú yàrá kan náà pẹ̀lú oúnjẹ, nítorí òórùn rẹ̀ ń wọ gààrí. Ẹ má sì fi sáàárín aṣọ ọmọ ìkókó rárá. Àwọn ọmọ kan wà tí ẹ̀jẹ̀ wọn kò gba òórùn káńfọ̀, ó ń fa ibà pọ́njú fún wọn, ó sì lè pa ọmọ tàbí kó ba ọpọlọ rẹ̀ jẹ́.

OHUN TÍ KÒ GBỌDỌ̀ BÁ ẸRÙ GBÉ

Ẹ má ṣe tan jẹnẹrétọ̀ nínú gáráàjì, kódà kí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu. Èéfín rẹ̀ ní gáàsì kan nínú tí kò ní àwọ̀, tí kò ní òórùn, tó ń pa ènìyàn lójú oorun. Bí gáráàjì bá so mọ́ ilé, gáàsì náà á gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọ yàrá tí àwọn ọmọ ń sùn. Bẹ́ẹ̀ náà ni a kò gbọdọ̀ fi ọkọ̀ tí a tan sílẹ̀ máa kùn nínú ibẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì pẹtiróòlù, kẹrosíìnì àti sílíńdà gáàsì kò gbọdọ̀ sí níbẹ̀ pẹ̀lú. Yàtọ̀ sí ewu iná, gààrí àti èlùbọ́ ń fa òórùn mọ́ra. Oníbàárà tó gbóòórùn kẹrosíìnì nínú àmàlà kò ní padà wá bá wa rà mọ́.

BÍ OWÓ KÒ BÁ TÍ Ì TÓ

A mọ̀ pé gbogbo wa kò lè ṣe gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé e báyìí. Ohun àkọ́kọ́ tí kò ná wa lówó ni kí a má ṣe kó ẹrù tútù wọlé. Èkejì ni pẹpẹ pákó àti ọ̀rá ilẹ̀. Ẹ̀kẹta ni tíúbù ìdí ilẹ̀kùn àti nẹ́ẹ̀tì ojú fèrèsé. Ẹ̀kẹrin ni àjà. Ọ̀dà funfun orí páànù lè kẹ́yìn.

Kí a yan ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ tí a ó máa wọ ibẹ̀. Kí a ti ọwọ́ bọ àárín àpò: bó bá gbóná ju ti ìta lọ, nǹkan ń ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀, ẹ tú u kíákíá. Kí a gbóòórùn, kí a wo abẹ́ páànù láàárọ̀, kí a wo ẹ̀yìn àpò bóyá eku ti dé. Kí a kọ ọjọ́ tí àpò kọ̀ọ̀kan wọlé sí ara rẹ̀, kí èyí tó kọ́kọ́ wọlé sì kọ́kọ́ jáde. Ẹni tí kò lè kọ ọ́, kí ó ní kí ọmọ bá òun kọ ọ́.

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹrù tí a rà lówó iyebíye ni, tí a fi orí rù, tí a fi ọkọ̀ gbé láti ọ̀nà jíjìn. Kì í ṣe inú ilé wa ló yẹ kó ti sọnù. Ẹni tó bá ní ìbéèrè, kó mú un wá sí ìpàdé, kí a jọ wò ó. Ẹni tó bá sì mọ ọgbọ́n mìíràn, kó má fi pa mọ́, ìmọ̀ ẹnìkan kò tó. Ọlọ́run á bá wa ṣọ́ ojú owó wa, a kò ní rí àdánù.

Láti ọwọ́ akọ̀wé ẹgbẹ́.